ÒṢÙWỌ̀N TÍ Ó WÀ NÍNÚ ARA ALÁÀWẸ̀

  

Ìyá kan l'ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní láti ìgbà t'áwọn ti ń gba ààwẹ̀, ohun kan máa ń ya àwọn lẹ́nu. T'ó bá ti di nǹkan bí aago 11 àárọ̀, ebi á máa pa wọ́n bí ẹni pé wọn ò ní lè dé ìrun Àìlà. Ṣùgbọ́n bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ebi náà á ti rọlẹ̀, ara á fúyẹ́, wọ́n á sì tún dúró nídìí ààrò, wọ́n á dáná ìṣínu fún èèyàn mẹ́jọ. Wọ́n wá bi wá pé: "Ẹ̀yin ààfáà, níbo ni agbára yẹn ti ń wá, nígbà tí n kò jẹ nǹkan kan?"

Ìbéèrè yìí dára, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣeé fi ìṣẹ́jú méjì sọ. Òun ni a fi ṣe iṣẹ́ tòní. Ìdí mìíràn tún wà tí a fi mú un, a ó sọ ọ́ bí a bá débẹ̀: ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí, nítorí pé a kò mọ ìdáhùn náà.

Nínú Súrà Rahman, Ọlọ́hun mẹ́nu ba sánmà tí Ó gbé sókè àti òṣùwọ̀n tí Ó gbé kalẹ̀, Ó sì kìlọ̀ fún wa pé k'á má tayọ ààlà níbi òṣùwọ̀n. Nínú Súrà Infitar ẹ̀wẹ̀, Ó rán ọmọ èèyàn létí pé Òun l'Ó dá a, t'Ó ṣe é pé, t'Ó sì mú un dọ́gba. Bí a bá ti gbọ́ òṣùwọ̀n, ọkàn wa máa ń lọ sí ọjà, sọ́dọ̀ àwọn t'ó ń fi kọ́ńgò wọn gààrí. Ọ̀rọ̀ ọjà wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan wà nínú ẹran ara wa tí kì í sinmi tọ̀sán tòru, kódà bí a bá sùn.

Ẹ wo áyọ́ọ̀nù oníná tí àwọn télọ̀ ń lò. Bí ó bá gbóná dé ibi tí a yí i sí, ó máa ń pa ara rẹ̀, iná kékeré ara rẹ̀ á kú. Bí ó bá tutù díẹ̀, á tún gbé iná. Kò sí ẹni t'ó ń tàn án t'ó ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ni ara wa ṣe rí. Ohun t'ó bá lọ sókè jù, ara ní ohun tí yóò fi fà á wálẹ̀. Ohun t'ó bá wálẹ̀ jù, ó ní ohun tí yóò fi tì í sókè. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ooru nìkan ni áyọ́ọ̀nù ń ṣọ́. Ara ń ṣọ́ ooru, ó ń ṣọ́ omi, ó ń ṣọ́ iyọ̀, ó ń ṣọ́ ṣúgà, ó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ará ilẹ̀ Faransé kan, Claude Bernard, t'ó gbé ayé láti 1813 sí 1878, l'ó là á yé àwọn oníṣègùn pé omi àti ẹ̀jẹ̀ t'ó wà nínú wa máa ń dúró sójú kan bí ayé ìta tilẹ̀ ń yí padà. Òun náà l'ó rí i pé ẹ̀dọ̀ máa ń kó ṣúgà pamọ́. Ní 1926, Walter Cannon, ará Amẹ́ríkà, sọ ìdọ́gba yìí lórúkọ tí àwọn dókítà ń pè é títí di òní, homeostasis. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni k'á wò.

Ẹ jẹ́ k'á bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣúgà, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìyá wa wà. Gbogbo oúnjẹ tí à ń pè ní afúnnilágbára, àmàlà ni o, ìrẹsì ni o, ẹ̀kọ ni o, ṣúgà l'ó ń dà bí ó bá dé inú. Ṣúgà yẹn l'ó ń wọ ẹ̀jẹ̀, òun ni ọpọlọ sì ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: bí a bá kó gbogbo ṣúgà t'ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ le jọ lówùúrọ̀ kí ó tó jẹun, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ. Ṣíbí tíì kan nìyẹn. Bí ó bá dín sí i púpọ̀, ojú á ṣú, onítọ̀hún á dákú. Bí ó bá pọ̀ jù, t'ó sì ń pọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, á ba ojú jẹ́, á ba kíndìnrín jẹ́, á ba ẹsẹ̀ jẹ́. Orí ṣíbí tíì kan yìí ni ẹ̀mí wa dúró lé, ìgò mínírà kan ṣoṣo sì ní ṣúgà t'ó jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Báwo wá ni a ṣe ń mu mínírà tán tí a kì í kú?

Ẹ̀yà ara kékeré kan fara pamọ́ sẹ́yìn ikùn, àwọn dókítà ń pè é ní páńkíríàsì. Bí ṣúgà bá ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, á tú ohun kan jáde tí ń jẹ́ ínsúlíìnì. Ínsúlíìnì yìí l'ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. Ó tún ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé, "Kó èyí t'ó ṣẹ́ kù pamọ́." Ẹ̀dọ̀ ni àká wa. Ó lè kó tó bíi 100 gíráàmù jọ, èyí t'ó bá sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rá l'ó máa dà. Iṣan apá àti ẹsẹ̀ náà ń kó tiwọn pamọ́, àmọ́ iṣan kì í yá ẹnikẹ́ni. Ohun t'ó bá ti wọ ibẹ̀, òun nìkan ni yóò lò ó. Ẹ̀dọ̀ l'ó lawọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá wa jẹ sàárì tán, t'ó kírun Àsùbáà, ẹ̀dọ̀ wọn ti kún. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Páńkíríàsì yìí kan náà á rí i, á dín ínsúlíìnì kù, á sì rán ìránṣẹ́ mìíràn, tí ń jẹ́ glucagon, sí ẹ̀dọ̀ pé k'ó ṣílẹ̀kùn àká. Ẹ̀dọ̀ á wá máa bu ṣúgà síta díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba t'ó tó. Bí àká bá ń gbẹ lọ, ara á kọjú sí ọ̀rá tí a ti tò pamọ́ láti oṣù mọ́kànlá, á máa sun ún bí epo. Ibi tí agbára ìrọ̀lẹ́ ti ń wá nìyẹn. Ìyá wa rò pé àwọn kò jẹ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ àná ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́.

Ti ebi aago 11 wá ńkọ́? Ikùn mọ àkókò. Ní wákàtí t'ó mọ̀ wá mọ oúnjẹ, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé àsìkò ti tó. Bí a kò bá dá a lóhùn, ìránṣẹ́ náà á ṣe wàhálà díẹ̀, á sì padà. Kì í ṣe pé agbára ti tán nígbà yẹn rárá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fara ya ní aago 11, ẹ ti gbọ́ o.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, láti ìdájí títí di Mọ̀gàríbì kì í ju bíi wákàtí 13 sí 14 lọ, yálà ní Dìsẹ́ńbà ni tàbí ní Júùnù. Àká ẹ̀dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le tó ìyẹn gbé. Ní 2015, tí Rámádáánì bọ́ sí Júùnù àti Júláì, àwọn ará wa t'ó wà ní London gba ààwẹ̀ t'ó lé ní wákàtí 18, ara wọn sì gbé e. A mọrírì wọn púpọ̀.

Omi l'ó kàn. Ju ìdajì ìwọ̀n ara wa lọ, omi ni. Kíndìnrín méjèèjì l'ó ń ṣe olùtọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe kò ṣeé fẹnu sọ. Láàárín ọjọ́ kan, omi tí wọ́n ń sẹ́ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tó bíi líta 180. Ẹ ro dúrọ́ọ̀mù omi kan, ó kù díẹ̀ k'ó kún. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, àfi bíi líta kan àtààbọ̀ t'ó ń jáde bí ìtọ̀. Bí omi bá ń dín kù lára aláàwẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á ki. Apá kan nísàlẹ̀ ọpọlọ á tọ́ ọ wò, á pàṣẹ fún kíndìnrín pé k'ó há ẹnu ẹ̀rọ, á sì fi òùngbẹ sí wa lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ ọ̀sán ààwẹ̀ fi ń pọ́n, t'ó sì ń kéré. Kíndìnrín ń ṣún omi lò ni.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n máa ń gbọ́ ajísààrì tán, tí wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé omi inú ọ̀rá mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní àwọn ń rọ omi sí táńkì. Ara kò ní táńkì omi. Bí omi bá pọ̀ jù lójijì, òṣùwọ̀n kan náà l'ó máa lé e jáde, kí aago 8 tó lù wọ́n á ti tọ̀ ọ́ dànù. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti ìṣínu títí di sàárì. Kí ẹ sì dín iyọ̀ àti àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn kù nínú ọbẹ̀ sàárì, torí iyọ̀ àárọ̀ l'ó ń di òùngbẹ ọ̀sán.

Ti ooru kò gba àlàyé púpọ̀. Ìwọ̀n 37 ní òṣùwọ̀n Celsius tàbí ìtòsí rẹ̀ ni ara fẹ́. Bí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ á súnmọ́ awọ, òógùn á jáde, bí òógùn sì ṣe ń gbẹ l'ó ń mú ooru lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lára awọ, iṣan á máa mú wa gbọ̀n kí ooru lè wà. Ṣùgbọ́n omi l'a fi ń ṣe òógùn. Ní 2025, inú oṣù Máàṣì tí oòrùn mú janjan ni Rámádáánì bọ́ sí. Bíríkìlà àti alágbàṣe t'ó bá lè fi iṣẹ́ t'ó le sí òwúrọ̀, k'ó ṣe bẹ́ẹ̀, k'ó sì wá ibòji lọ́sàn-án.

Ó wá ku ìdí kejì. Gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti òkè wá, ara tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ pé ni a ń sọ. Bí ẹ̀ṣọ́ kan bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Ní ọdún kan, bàbá kan láàárín wa ní àtọ̀gbẹ. Oògùn oníhóró ni wọ́n ń lò. Ẹ̀yin ará, oríṣiríṣi ni àwọn oògùn wọ̀nyí. Irú kan wà t'ó jẹ́ pé ńṣe l'ó ń fi ipá mú páńkíríàsì tú ínsúlíìnì jáde, yálà oúnjẹ wà nínú ni tàbí kò sí. Irú èyí ni Bàbá lò ní sàárì, iye tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni, wọ́n sì fi ẹ̀kọ kan ṣoṣo tì í. Ní nǹkan bí ìrun Alásárì, wọ́n jókòó sídìí àlùwàlá, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ t'ó ń jáde lẹ́nu wọn kò bára mu mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan t'ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sáré mú ṣúgà wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ k'á fún yín ní èyí. Ṣúgà yín ti wálẹ̀ jù."

"Ọmọ mi, ó ku wákàtí méjì péré. Ẹ má bá mi ba ààwẹ̀ mi jẹ́."

Kí ni àwa ṣe? Ẹ jẹ́ k'á sọ òótọ́. A kígbe "Allahu Akbar", a ní ẹ ò rí ìgbàgbọ́ àwọn àgbà, a sì ní kí ọmọ náà fi wọ́n sílẹ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá fi dùbúlẹ̀ tí wọn kò dáhùn mọ́. Ẹnìkan fẹ́ máa da omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu nígbà yẹn, ọmọ náà l'ó kọ̀, torí ẹni tí kò mọ ara mọ́, omi yẹn lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n fi omi ṣúgà sí wọn lójú iṣan, Ọlọ́hun sì dá ẹ̀mí wọn sí. Ojú tì wá lọ́jọ́ náà.

Òógùn yẹn àti gbígbọ̀n yẹn, ara l'ó ń lu agogo. Bí ṣúgà bá wálẹ̀ jù, ara a máa tú ádírẹ́nálínì jáde láti fi ta ẹ̀dọ̀ jí: àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á gbọ̀n, òógùn tútù á bo ni. Ṣùgbọ́n oògùn ti so ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti bá ara rẹ̀ gbé pẹ́ tilẹ̀ lè má gbọ́ agogo kankan mọ́ k'ó tó dákú. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé bí ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ṣúgà bá fi iye t'ó dín sí 70 hàn, tàbí t'ó ju 300 lọ, k'á ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìbáà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá k'á pèrun. Gbígún ìka láti wo ṣúgà kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nípa abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n máa ń sá fún èyí, tí wọ́n á wá pa oògùn tì pátápátá fún oṣù kan. Ìyẹn náà ewu ni. Bí ṣúgà bá ti ju bíi 180 lọ, kíndìnrín kò lè dá a dúró mọ́, á bá ìtọ̀ lọ, á sì wọ́ omi tẹ̀lé ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèrà fi ń bo ìtọ̀ alátọ̀gbẹ. Ẹni t'ó ń pàdánù omi bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò gbọdọ̀ mumi, kí ni a ò bá pè é?

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọmọ wa t'ó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Bí omi bá dín kù lára wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á dì mọ́ra, ìrora egungun á dé. Kíndìnrín púpọ̀ nínú wọn ni kò lè ṣún omi lò bí tiwa, wọ́n á máa tọ̀ ọ́ lọ bí òùngbẹ tilẹ̀ ń gbẹ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìyá kan má fi ọ̀rọ̀ "àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbààwẹ̀" gún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ tún ka aláboyún àti ìyá ọlọ́mú t'ó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ mọ́ wọn, àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ní Súrà Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, Ọlọ́hun yọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò sílẹ̀, pé kí wọ́n san án ní ọjọ́ mìíràn. Ó sì jẹ́ k'á mọ̀ pé ìrọ̀rùn l'Òun fẹ́ fún wa, Òun kò fẹ́ ìnira. Ẹni tí kò sí ìrètí pé yóò lè san án, k'ó bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ti aláboyún àti ọlọ́mú, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí bóyá sísan nìkan ni tàbí kí wọ́n fi bíbọ́ tálákà kún un. Ẹ bi ààfáà yín. Lójú tiwa, ẹni tí Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún t'ó sì kọ̀, bí ẹni t'ó kọ ẹ̀bùn ọba ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà kì í ṣe ti ẹni tí ó kàn fẹ́ jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án.

Ẹni t'ó bá ní àìsàn èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, k'ó lọ rí dókítà rẹ̀ ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú Rámádáánì, kì í ṣe ọjọ́ tí a bá rí oṣù. Dókítà lè yí irú oògùn padà, ó lè gbé èyí t'ó pọ̀ jù lọ sí ìgbà ìṣínu, ó sì lè sọ pé k'ó má gbà á rárá. Àwọn kan ń bẹ pẹ̀lú àtọ̀gbẹ tí ara wọn gbà á, tí wọ́n ń gbààwẹ̀ wọn pé. Ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn.

Bàbá tí a sọ̀rọ̀ wọn yẹn kò gbààwẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n lára púpọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí jẹun. Lójoojúmọ́ Rámádáánì, kí ìrun Mọ̀gàríbì tó tó, abọ́ oúnjẹ kan àti dàbínù máa ń jáde láti ilé wọn lọ bá opó kan ládùúgbò. Ọmọ nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ni Bàbá fúnra wọn bẹ̀ pé k'ó máa bá àwọn gbé e lọ.